Yìnyín Fọ́ Òrùlé, Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Ìdójútòfò ní Lake Highlands

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ijó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àsè ọdún. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ òrùlé ni, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sì ni pẹ̀lú. Bí oṣù kẹta bá ti wọlé títí di ìparí oṣù kẹfà, ó ṣọ̀wọ́n kí á ṣe ìpàdé kí ẹnìkan má gbé ìwé kan jáde nínú àpò pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka èyí. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ní àwọn kò ní san owó." Nígbà tí ìwé bẹ́ẹ̀ wá pọ̀ jù, a ní kí á kúkú jókòó kí á wo ohun tí òfin Texas sọ, àti ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ ń bá ara wọn fà lórí rẹ̀.

Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè má tíì mọ Lake Highlands dáadáa. Ìhà àríwá ìlà-oòrùn Dallas ni, lókè adágún White Rock. Àwọn títì bíi Skillman, Audelia àti Abrams ni ó là á kọjá, ọ̀nà ńlá LBJ sì wà ní ìhà àríwá rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó ń gbé ibẹ̀ nítorí pé ó sún mọ́ Richland, kò sì jìnnà sí yunifásítì tí ó wà ní Richardson. Ilé àyágbé ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ti parí ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ti ń ra ilé sí àdúgbò náà. Kò sí ohun tí ó ń bá ilé jà ní agbègbè yìí bí ojú ọ̀run. Yìnyín tí ó ń bọ́ níbí kì í ṣe èyí tí à ń sá lọ ṣà jẹ nígbà tí a wà ní kékeré nílé. Òmíràn tóbi bí ọsàn, ó ń fọ́ gíláàsì ọkọ̀, ó sì ń lu òrùlé bí ìlù. Òrùlé ibí kì í ṣe páànù. Pẹlẹbẹ ọ̀dà ni wọ́n tò léra, tí wọ́n fi ìṣó kàn, yìnyín sì lè bà á jẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tí ó dúró sílẹ̀ rí nǹkankan. Ìjì náà tún wà. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2019, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù àwọn Cowboys, ìjì líle kan la àríwá Dallas já wọ Richardson. Ipele EF3 ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi í sí. Kò pa ẹnikẹ́ni, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣí òrùlé ilé, ó sì wó ilé ẹ̀kọ́.

Kí á tó wọ inú ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ kan fún ara wa. Púpọ̀ nínú wa kò dàgbà nínú ìdójútòfò. Nílé, ìwé ínṣọ́ránsì jẹ́ ohun tí à ń fi han ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Láti ọdún 1945 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdójútòfò fún ẹni tí ó bá ṣe léṣe, owó rẹ̀ sì di 15,000 náírà fún ọkọ̀ ilé ní oṣù kìíní ọdún 2023. Síbẹ̀, ẹni mélòó ni ẹ mọ̀ tí ó ti lọ béèrè owó òfò rí, tí wọ́n sì san án fún un? Ẹbí, ẹgbẹ́ àti alájọ ni adójútòfò tiwa. Bí iná bá jó ilé ènìyàn, àwọn ará ilé a kó aṣọ wá, ẹgbẹ́ a dá owó. A kì í kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, a kì í sì í ka ọjọ́. Níbí, ìwé ni ohun gbogbo. Ẹni tí ó bá fojú ẹbí wo ilé iṣẹ́ adójútòfò, tí ó rò pé wọ́n á gba tòun rò nítorí pé òun ti ń san owó láti ọdún méje, yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi, nítorí pé òun ni ó máa ń ya àwọn ènìyàn wa lẹ́nu jù. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2022, òjò rọ̀ ní Dallas tí ó ju ti oṣù mélòó kan lọ. Ní pápákọ̀ òfuurufú DFW nìkan, ó lé ní íǹṣì 9 láàárín ọjọ́ kan. Ọkọ̀ rì sójú títì, omi sì wọ ilé. Ní ojú tiwa, omi ni omi í jẹ́. Ní ojú ìwé ìdójútòfò ilé, omi méjì ni. Bí ìjì bá ṣí òrùlé rẹ tí òjò sì gba ibẹ̀ wọlé, omi tí ó ti òkè wá nìyẹn, wọ́n lè san owó rẹ̀. Bí odò White Rock bá kún tí ó sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, omi tí ó ti ilẹ̀ wá nìyẹn, ìwé ìdójútòfò ilé kì í sábà gbà á. Ìjọba àpapọ̀ ni ó dá ètò ìdójútòfò omíyalé sílẹ̀ ní ọdún 1968, ìwé ọ̀tọ̀ ni, owó ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó bá sì rà á lónìí máa ń dúró ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ pé òjò ń bọ̀ lọ́la kí ó sáré lọ rà á. Ayálégbé pàápàá lè rà á fún ẹrù inú ilé rẹ̀. Bí omi bá gba òkè àti ilẹ̀ wọlé ní alẹ́ kan náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni lọ́yà ti ń jẹun.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí á padà sórí òrùlé, nítorí ibẹ̀ ni ìjà pọ̀ sí jù.

Ohun àkọ́kọ́ ni iye tí onílé fúnra rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbé kí adójútòfò tó dá sí i. Láyé àtijọ́, iye kan pàtó ni, bóyá 500 tàbí 1,000 dọ́là. Nísinsìnyí, nínú ọ̀pọ̀ ìwé ní Texas, ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a dá lé ilé ni, pàápàá fún atẹ́gùn àti yìnyín. Àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ "ìdá méjì" kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí a bá dá 400,000 dọ́là lé ilé, ìdá méjì rẹ̀ jẹ́ 8,000 dọ́là. Kì í ṣe ìdá méjì nínú òfò o, ìdá méjì nínú iye ilé ni. Bí òrùlé bá jẹ́ 12,000, adójútòfò yóò san 4,000, ìwọ yóò wá ìyókù. Bí aṣàyẹ̀wò tí wọ́n rán wá bá sì sọ pé 7,500 ni òfò náà, kọ́bọ̀ kò ní jáde. Nítorí náà ni ìjà fi ń dá lórí iye, kì í ṣe lórí bóyá yìnyín bọ́ tàbí kò bọ́.

Lẹ́yìn ìjì, àwọn tí ń kan òrùlé a dà sí àdúgbò bí eéṣú. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á ní, "Má dààmú nípa 8,000 yẹn, a ó bá ọ gbé e." Ẹ ṣọ́ra. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni òfin Texas ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí akanlé gbé owó yẹn fún onílé tàbí kí ó fi í pamọ́ sínú ìwé owó. Adójútòfò sì ní ẹ̀tọ́ láti ní kí o fi ẹ̀rí hàn pé o san án kí ó tó fi ìyókù owó sílẹ̀. Bákan náà, akanlé kò gbọdọ̀ bá ọ bá adójútòfò dúnàádúrà lórí iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe, nítorí iṣẹ́ aṣàyẹ̀wò tí ó ní ìwé àṣẹ ni. Ilé iṣẹ́ akanlé kan, Stonewater Roofing, gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́ pé òfin yìí ń di àwọn lẹ́nu, pé ó lòdì sí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní Texas dá wọn lẹ́bi. Iṣẹ́ ni òfin náà ń ṣàkóso, wọ́n ní, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní tiwa, a rí i pé ìdájọ́ náà tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi onílé tí kò ní owó lọ́yà sílẹ̀ ní òun nìkan.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tí ó le jù. Òrùlé kì í gbó lọ́jọ́ kan. Oòrùn Texas ń jẹ ẹ́, yìnyín ọdún tí ó kọjá lù ú díẹ̀, yìnyín ọdún yìí wá parí iṣẹ́. Gbígbó kò sí lára ohun tí adójútòfò ń san owó fún, yìnyín wà níbẹ̀. Ta wá ni yóò pín in? Òfin Texas ti pẹ́ tí ó ti ń sọ pé bí ohun tí ìwé gbà àti ohun tí ìwé kò gbà bá pawọ́ pọ̀ ṣe òfò kan, onílé ni yóò fi ẹ̀rí pín in sí méjì, kí ó sọ pé, "Èyí ni ti yìnyín." Bí kò bá rí i pín, kò rí owó gbà. Lójú adájọ́, ó rọrùn láti sọ. Lójú ẹni tí ó dúró lábẹ́ òrùlé tí ń jò, ó dà bí ìgbà tí a bá ní kí ènìyàn ya omi àti gàárì sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ó ti pò wọ́n pọ̀.

Yìnyín kan náà, ti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2018, ni ó bí ẹjọ́ méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Frymire lórí ilé ìṣòwò kan ní Dallas níbí, sí Ohio Security. Èkejì jẹ́ ti onílé kan ní Fort Worth sí Allstate. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ dá àwọn méjèèjì lẹ́bi nítorí pé wọn kò pín òfò náà. Wọ́n gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ẹkùn Karùn-ún ní New Orleans. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ wo òfin Texas síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ọ̀ràn náà kò yé àwọn tó, wọ́n sì kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní Texas, lọ́dún 2021 nínú ẹjọ́ Frymire àti lọ́dún 2022 nínú èkejì. Ìbéèrè wọn ni pé: ṣé òrùlé tí ó ti gbó díẹ̀ tó láti ní kí onílé pín òfò, bí gbígbó náà kò tilẹ̀ jẹ́ òun ni ó fa jíjò? Bí onílé bá sì ní yìnyín nìkan ni ó ṣe gbogbo rẹ̀, tí ó mú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wá jẹ́rìí bẹ́ẹ̀, ṣé kò tíì ṣe ohun tí òfin béèrè? Gbogbo lọ́yà Texas na etí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìdáhùn tó jáde, àwọn tí ń ṣẹjọ́ lọ parí rẹ̀ láàárín ara wọn ní ìtùbí-ìnùbí, ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ní ìgbà kejì. Ẹjọ́ parí, ìbéèrè kù nílẹ̀.

A kò bá olùpẹjọ́ wí. Ẹni tí owó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí wọ́n ní kí ó wá gbà á, kò ní dúró nítorí kí òfin lè yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó: ilé iṣẹ́ ńlá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó san owó kí ìdájọ́ tí kò fẹ́ má baà jáde. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé, ẹ ya àwòrán òrùlé yín lọ́dọọdún nígbà tí ojú ọ̀run mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ tọ́jú ìwé ẹni tí ó bá tún un ṣe. Àwòrán òrùlé tí kò ní àbàwọ́n ní oṣù kejì lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu mẹ́wàá lọ ní oṣù kẹfà.

Òfin kò fi onílé sílẹ̀ láìní ohun ìjà ṣá. Ọjọ́ ni ohun ìjà náà. Láti ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè òfò rẹ bá dé ọwọ́ adójútòfò, ó ní ọjọ́ 15 láti jẹ́wọ́ pé òun rí i, láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, àti láti sọ ìwé tí òun ń fẹ́. Nígbà tí gbogbo ìwé bá pé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti sọ bóyá òun gbà tàbí òun kọ̀. Bí ó bá kọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ nínú ìwé. Bí ó bá gbà, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 láti san án. Bí ìjì ńlá bá jà tí ìjọba sì kéde rẹ̀, ọjọ́ 15 a lè sí i. Bí ó bá fi owó tí ó tọ́ sí ọ falẹ̀ ju ọjọ́ 60 lọ, èlé ń gun orí rẹ̀. Èlé náà jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún ọ̀pọ̀ ìdójútòfò. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ní Austin yí ti ìjì àti yìnyín padà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017: ìdá 5 lórí iye èlé tí ilé ẹjọ́ ń lò ni, àpapọ̀ rẹ̀ kì í sì í dín ní ìdá 10. Òfin kan náà ní kí onílé kọ̀wé ìkìlọ̀ sí adójútòfò ní ọjọ́ 61 ṣáájú kí ó tó pẹjọ́, kí ó sì dárúkọ iye tí ó ń béèrè.

Iye yẹn ni kí ẹ fi ọgbọ́n sọ. Àwa ọmọ Yorùbá, ọjà ni a ti kọ́ ìnáwó. Bí a bá fẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, a ó pe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kí oníbàárà lè rí ibi dúnàádúrà. Ẹ má ṣe é níbí. Bí ohun tí ilé ẹjọ́ dá fún ọ kò bá tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí o kọ sínú ìwé ìkìlọ̀, adójútòfò kò ní san kọ́bọ̀ nínú owó lọ́yà rẹ. Bí ó bá tó ìdá 80, yóò san gbogbo rẹ̀. Bí ó bá wà láàárín, ìwọ̀n ni wọn yóò fi pín in. Ẹni tí ó bá pe òrùlé 10,000 ní 60,000 ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Ọ̀nà míràn tún wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, èyí tí kò nílò adájọ́. Onílé yan adíyelé kan, adójútòfò yan kan, àwọn méjèèjì yan ẹnì kẹta tí yóò là wọ́n bí ohùn wọn kò bá ṣọ̀kan. Iye tí méjì nínú wọn bá fọwọ́ sí ni iye òfò. Ó jọ bí àwọn àgbà ṣe ń parí ìjà ilẹ̀ nílé, àfi pé ọ̀nà yìí ń gba owó. Ìjà tí ó tẹ̀lé e ni èyí: bí àwọn adíyelé bá ní òfò ju ohun tí adójútòfò san tẹ́lẹ̀ lọ, tí ó sì sáré san ìyókù, ṣé ó ṣì jẹ gbèsè èlé? Ní El Paso, ìjì ba ilé kan jẹ́ ní ọdún 2013. State Farm kọ́kọ́ san owó tí kò tó 2,000 dọ́là. Lẹ́yìn tí àwọn adíyelé ṣe tiwọn, ó tún san ohun tí ó lé ní 22,000. Ó ní nígbà tí òun ti tètè san díẹ̀ tí ó bọ́gbọ́n mu, òfin ọjọ́ kò mú òun mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní Texas ní rárá: díẹ̀ tí o san kò dá èlé orí ìyókù dúró. Inú àwọn onílé dùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà, nínú ẹjọ́ Safeco, ní bí adójútòfò bá ti san iye àwọn adíyelé pẹ̀lú gbogbo èlé tí ó lè jẹ, owó lọ́yà kò sí mọ́. Ẹ rí i pé òfin fi ọwọ́ kan fúnni ó sì fi èkejì gbà á. Onílé tí òfò rẹ̀ jẹ́ 9,000 yóò wá lọ́yà tí yóò bá a dúró títí, kò sì ní rọrùn rí, nítorí lọ́yà náà mọ̀ pé adójútòfò lè san owó ní ọjọ́ ìkẹyìn kí òun sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ ìwà rere ńkọ́? Láti ọdún 1987 ni ilé ẹjọ́ Texas ti ní kí adójútòfò fi òótọ́ inú bá oníbàárà rẹ̀ lò. Ní ọdún 1997 wọ́n là á yé pé ó ti jẹ̀bi bí ó bá kọ̀ láti san owó nígbà tí ó ti hàn kedere pé ó yẹ kí ó san án. Ẹjọ́ tí ó dà wá rú jù lórí èyí ni ti obìnrin kan tí ìjì Ike ba ilé rẹ̀ jẹ́ ní etíkun ní ọdún 2008. Aṣàyẹ̀wò USAA Texas Lloyds ní òfò náà kò kọjá iye tí onílé ń gbé fúnra rẹ̀. Àwọn ará ìlú tí wọ́n jókòó dájọ́ ní adójútòfò kò da májẹ̀mú, ṣùgbọ́n kò ṣe ìwádìí bí ó ti yẹ, wọ́n sì dá 11,350 dọ́là fún un. Báwo ni ènìyàn ṣe lè má da májẹ̀mú kí ó sì jẹ gbèsè májẹ̀mú? Ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ní 2017, ó fa ìdájọ́ náà yọ, ó dá òmíràn ní 2018. Ó ní bí ìwé bá fún ọ ní ẹ̀tọ́ sí owó kan, tí ìwà àìtọ́ adójútòfò sì ni kò jẹ́ kí o rí i gbà, o lè gbà á, bí wọn kò tilẹ̀ sọ pé ó da májẹ̀mú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n dá ẹjọ́ náà padà kí a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yá ilé gbé, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Nígbà òtútù ńlá oṣù kejì ọdún 2021, tí iná mànàmáná lọ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Texas, páìpù bẹ́ nínú ilé káàkiri. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń gbé ìsàlẹ̀ nínú ilé alájà méjì nítòsí Skillman. Omi ti òkè da sórí bẹ́ẹ̀dì, ìwé, kọ̀ǹpútà àti àpótí aṣọ òkè tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ fún ìgbéyàwó. Ó lọ bá àwọn alábòójútó ilé. Wọ́n ní ìdójútòfò onílé wà fún ògiri, àjà àti kápẹ́ẹ̀tì, ẹrù rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ó sì ti rí nìyẹn ní gbogbo ibi. Ìdójútòfò ayálégbé ni ó ń bo ẹrù, páìpù tí ó ṣàdédé bẹ́ sì wà lára ohun tí ó ń gbà. Ẹ wo ohun méjì kí ẹ tó rà á: bóyá wọn yóò san iye tí ẹ máa fi ra tuntun, tàbí iye tí ohun tí ó ti gbó jẹ́, àti bóyá orúkọ ẹni tí ẹ jọ ń gbé wà nínú ìwé. Ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń sùn sínú yàrá kan kì í ṣe ẹbí lójú ìwé náà. Iye aṣọ òkè kò ṣeé ṣàlàyé fún aṣàyẹ̀wò Amẹ́ríkà tí kò rí i rí, nítorí náà ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ sì tọ́jú ìwé tí ó fi iye rẹ̀ hàn.

Ti ọkọ̀, a ó yára kọjá. Iye tí ó kéré jù lọ tí òfin Texas gbà láti ọdún 2011 ni 30,000 dọ́là fún ẹnìkan tí ó fara pa, 60,000 fún gbogbo àwọn tí ó fara pa nínú jàm̀bá kan, àti 25,000 fún ohun ìní. Ẹni tí ó bá ti sùn ní ọsibítù níbí mọ̀ pé 30,000 kì í pẹ́ tán. Nítorí náà ẹjọ́ Stowers ṣe pàtàkì. Ilé iṣẹ́ tí ń ta àga ní Houston ni Stowers. Ní 1920 ọkọ̀ wọn dúró sójú títì lóru láìtan iná, ọkọ̀ míràn sì kọlù ú, obìnrin kan fara pa. Obìnrin náà ní òun yóò gba 4,000 dọ́là kí ọ̀rọ̀ tán. Ìwé ìdójútòfò gba 5,000. Adójútòfò kọ̀, ó ń ná an. Ilé ẹjọ́ wá dá owó tí ó ju ti ìwé náà lọ dáadáa fún obìnrin náà. Ní 1929 ni wọ́n ti ní adójútòfò tí ó kọ ohun tí ọlọ́gbọ́n ìbá gbà ni yóò ru ẹrù àṣẹ́kù, kì í ṣe oníbàárà rẹ̀. Òfin yìí kò tíì kú. Bí ẹnìkan bá pè yín lẹ́jọ́ lórí ọkọ̀, tí ó ní òun yóò gba iye tí kò ju ti ìwé yín lọ, ẹ kọ̀wé sí adójútòfò yín lójú ẹsẹ̀ kí ó parí rẹ̀.

Bí ẹni tí ó kọlù yín kò bá ní ìdójútòfò, tiyín lè san án, bí ẹ kò bá ti fọwọ́ sí ìwé pé ẹ kò fẹ́ ẹ. Òfin ní kí wọ́n fún yín àfi bí ẹ bá kọ̀ ọ́ nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni ti 2,500 dọ́là ìtọ́jú ara láìbìkítà ẹni tí ó jẹ̀bi. Àwọn tí ń ta ìdójútòfò lórí fóònù a máa fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà sáàárín òmíràn, kí owó oṣooṣù lè wálẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, láti ọdún 2006 ni ilé ẹjọ́ ti sọ pé adójútòfò tìrẹ kò jẹ ọ́ ní gbèsè lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ìdájọ́ yóò fi fi hàn pé ẹnì kejì jẹ̀bi, àti iye òfò. Ní 2021 wọ́n là á pé o lè pe adójútòfò rẹ nìkan lẹ́jọ́ láti gba ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan kù tí ó kàn ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, àti àwọn ìjọ wa tí ń yá gbọ̀ngàn. Bí ẹnìkan bá fara pa níbi ayẹyẹ wa tí ó sì pè wá lẹ́jọ́, ṣé adójútòfò yóò gbé lọ́yà kalẹ̀ fún wa? Ní Texas, igun mẹ́jọ ni adájọ́ ń wò: igun mẹ́rin ìwé ìdójútòfò àti igun mẹ́rin ìwé tí olùpẹjọ́ kọ. Ohun tí ó wà níta igun wọ̀nyí kò kàn án. Ìjọ Fielder Road Baptist ní Arlington jàǹfààní rẹ̀ ní 2006. Wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n nítorí ìwà òṣìṣẹ́ wọn kan, adójútòfò sì fẹ́ mú ẹ̀rí wá pé òṣìṣẹ́ náà ti kúrò kí ìdójútòfò tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀rí náà kò sí nínú igun mẹ́jọ, nítorí náà kí adójútòfò gba ẹjọ́ ìjọ rò. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2022, nínú ẹjọ́ Monroe àti BITCO lórí kànga tí wọ́n gbẹ́, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀: bí ìwé olùpẹjọ́ bá fi àlàfo sílẹ̀, a lè wo ẹ̀rí ìta, bí kò bá ti kan ẹni tí ó jẹ̀bi, tí kò tako ohun tí a kọ, tí ó sì dájú gbangba. Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, ẹ wo ọjọ́ tí ìwé ìdójútòfò gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí kí ẹ tó pín ìwé ìpè.

Ẹni tí ó bá ti gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí Texas Department of Insurance ní Austin, ọ̀fẹ́ ni, 1-800-252-3439. Adójútòfò ní láti fún wọn lésì. Bí owó náà kò bá ju 20,000 dọ́là lọ, ilé ẹjọ́ kékeré ti Justice of the Peace ní Dallas County lè gbọ́ ọ, ẹ sì lè dúró fún ara yín níbẹ̀ láìgba lọ́yà. Ẹ wo ìwé yín fún ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ ìpẹjọ́ yóò kú, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ní Texas fi í sí ọdún méjì àti ọjọ́ kan. Àwọn tí ó fẹ́ kí a bá wọn ka ìwé wọn, kí wọ́n mú gbogbo ojú ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kì í ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan.